Ìpè Ẹnìkan, Ẹrù Agboolé

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn bí ẹ̀sìn Kristi ṣe wọ ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ ọkùnrin ni a sábà máa ń bá pàdé: Townsend ní Abẹ́òkúta, Gollmer ní Àgbádárìgì, Bowen ní Ìjàyè, Hinderer ní Ìbàdàn. Bí òpìtàn bá fẹ́ mẹ́nu ba ìyàwó, yóò kọ ọ́ pé ‘òun àti aya rẹ̀’, yóò sì kọjá lọ. Bí ó bá kan ti ọmọ, ó lè má sọ nǹkan kan rárá. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà wá sí èbúté wa. Ìyàwó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ àti abẹ́rẹ́ òun òwú. Ọmọ wà níbẹ̀, yálà ní ọwọ́ ìyá tàbí nínú oyún. Ẹni tí ó ní òun gbọ́ ìpè Ọlọ́run lè jẹ́ ẹyọ kan. Àwọn tí ó ru ẹrù ìpè náà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò kì í ṣe bóyá ó dára kí a máa wàásù fún àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn ọlọ́gbọ́n ti jiyàn lórí ìyẹn, wọn yóò sì tún máa jiyàn. Èyí tí ó jẹ mí lọ́kàn sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé Ọlọ́run pe òun, ẹ̀tọ́ wo ni ó ní láti fi ìgbésí ayé ẹlòmíràn dáhùn ìpè náà? Lọ́rọ̀ kan, ẹbọ ta ni a ń rú?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Kúdẹtì ní Ìbàdàn. Ní 1853 ni David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ C.M.S. ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Anna, aya rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ Norfolk, wá tẹ̀dó sí ìlú náà. Wọn kò bí ọmọ kankan. Síbẹ̀, ilé wọn kò ṣófo. Ìjòyè kan nínú ìlú fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́. Àwọn òbí mìíràn sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Daniel Olúbí, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá wọn wá láti Abẹ́òkúta, ti ọ̀dọ̀ wọn di olùkọ́, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà ní 1871. Bí ọkọ ṣe ń wàásù, tí ó sì ń túmọ̀ ìwé John Bunyan lórí ìrìn àjò onígbàgbọ́ sí èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà àti aṣọ rírán, tí ó ń tọ́jú aláìsàn, tí ibà sì ń dá òun fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀ léraléra.

Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, tí àwọn Ẹ̀gbá gbè sí ẹ̀yìn Ìjàyè, ọ̀nà tí ó so Ìbàdàn mọ́ etíkun dí pa. Owó ẹyọ tí wọ́n fi ń ra oúnjẹ kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Tọkọtaya náà ń ta ẹrù ilé wọn kí wọ́n lè jẹun, kí àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn sì lè jẹun. Ní 1865 ni Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, rán ènìyàn wá mú Anna gba inú igbó jáde. Ó tún padà wá lẹ́yìn èyí. Ní 1869 ni wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá, ní ọdún kejì ni ó sì kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì. Àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kó jọ di ìwé ní 1872, ni a fi mọ púpọ̀ nínú ohun tí mo ń sọ yìí.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò dá. Àwọn ará Ìbàdàn lè gbọ́ ìwàásù òyìnbó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nínú èdè tí ahọ́n rẹ̀ kò tí ì yí dáadáa. Ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ni wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Wọ́n ń rí bí ọkọ ṣe ń bá ìyàwó sọ̀rọ̀, bí ìyàwó ṣe ń wẹ ọmọ tí kì í ṣe ọmọ inú rẹ̀, bí àwọn méjèèjì ṣe ń ṣe nígbà tí ebi ń pa wọ́n. Àwọn àgbà wa ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbé ayé agboolé ajíhìnrere kì í ṣe àfikún lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Òun gan-an ni apá tí ó tóbi jù nínú ìwàásù náà. Ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ilé bá jẹ́ ìwàásù, a jẹ́ pé bí wọ́n bá fi ipá mú ẹnikẹ́ni nínú ilé náà, ìwàásù fúnra rẹ̀ ti ní àbùkù.

Ní ti Anna Hinderer, a lè sọ pé ẹbọ tirẹ̀ ni ó rú. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọbìnrin kékeré ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tí iṣẹ́ ìhìnrere sì ti wà lọ́kàn rẹ̀. Ọkọ kò fà á wá. Ìpè méjì ni ó pàdé nínú ìgbéyàwó kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ni ó rí báyìí. Ẹ wo Mary Livingstone, aya David Livingstone, arìnrìn-àjò tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Mary pàápàá kì í ṣe àlejò sí iṣẹ́ náà. Ọmọ míṣọ́nárì ni, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n bí i sí. Ní 1850 ọkọ mú un, pẹ̀lú oyún àti àwọn ọmọ kéékèèké, la aṣálẹ̀ Kàlàhárì kọjá lọ sí adágún Ngami. Wọ́n padà dé ilé, ó bímọ, ọmọ náà kò ju ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lọ láyé. Nígbà tí ọkọ tún ń múra ìrìn àjò mìíràn, tí Mary sì tún wà nínú oyún, ìyá Mary kọ lẹ́tà líle sí ọkọ ọmọ rẹ̀, ó bi í léèrè irú ọkàn tí ó ní. Livingstone lọ, ó sì tún mú wọn lọ. Ní 1852 ó kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ojú ti pọ́n wọn fún ọdún mẹ́rin, kí òun lè ráyè máa rìn. Ní 1862 Mary padà bá a lẹ́bàá odò Zambezi. Kò pé oṣù mélòó kan tí ibà fi pa á, Shupanga ni wọ́n sin ín sí.

Mi ò sọ pé ọkùnrin yìí kò fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a bi í ni ta ni ó ni ohun tí ó fi rúbọ. Nínú ìṣe tiwa, bí babaláwo bá dá Ifá fún ènìyàn, tí ó ní kí ó rú ewúrẹ́ kan, ẹni náà ni yóò wá ewúrẹ́. Kò gbọ́dọ̀ lọ tú ti aládùúgbò rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó ní òun ti rúbọ. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, olè ni a ó pè é, ẹbọ rẹ̀ kò sì ní fín. Ìlera Mary àti ẹ̀mí ọmọ rẹ̀, ti Livingstone ha ni bí?

Ilé mìíràn tún wà tí a mọ̀ dáadáa, nítorí pé ọmọ tí ó ti ibẹ̀ jáde di òǹkọ̀wé. Pearl Buck ni orúkọ rẹ̀, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1938. Ọmọ oṣù díẹ̀ ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀, Absalom àti Caroline Sydenstricker, gbé e láti Amẹ́ríkà padà sí ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere. Ọmọ méje ni Caroline bí. Mẹ́rin kú ní kékeré. Bàbá máa ń rìn káàkiri ìgbèríko láti wàásù, owó tí ì bá fi tọ́jú ilé ni ó sì ń ná sórí Májẹ̀mú Tuntun tí ó ń túmọ̀ sí èdè Ṣáínà. Ní 1936 ni Pearl tẹ ìwé méjì jáde, ọ̀kan nípa ìyá, ọ̀kan nípa bàbá. Nínú èyí tí ó kọ nípa bàbá, ó pè é ní áńgẹ́lì tí ń jagun. Nínú ti ìyá, ó pè é ní ẹni tí ó wà ní ìgbèkùn. Ilé kan náà ni, iṣẹ́ kan náà, Ọlọ́run kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ìṣẹ́gun fún ọkọ, ìgbèkùn ni fún ìyàwó. Ọmọ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì kò lè fi ìwé kan ṣoṣo sọ ìtàn wọn.

Ti ìyàwó ṣì yé ni díẹ̀, nítorí àgbàlagbà ni. Ó lè gbà, ó lè kọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkọ̀ kò rọrùn ní ayé ìgbà náà. Ti ọmọ ńkọ́? Bowen, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1858, sin ọmọ rẹ̀ ìkókó sí Ìjàyè. Ẹgbẹ́ míṣọ́nárì ti Basel ní ilẹ̀ Switzerland ṣe òfin ní 1853 pé àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ padà sí Yúróòpù bí wọ́n bá ti tó ọjọ́ orí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní nítorí ìlera àti ẹ̀kọ́ wọn ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó ń wọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí wọn kò ní rí ara wọn mọ́ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì tún pàdé, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo ara wọn lójú bí àjèjì.

Yorùbá ní orúkọ kan tí ó sún mọ́ ipò irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ìwọ̀fà. Bàbá ni ó yá owó. Ọmọ ni ó ń lọ sin olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe, èlé ni. Bí ó ṣe pẹ́ tó, kò dín ojú owó kù. Àwọn míṣọ́nárì ọ̀rúndún kọkàndínlógún bá àwọn baba wa jiyàn púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹrú àti ìwọ̀fà, wọ́n sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run, tí ọmọ sì ń fi ìgbà èwe rẹ̀ san èlé ẹ̀jẹ́ náà, mélòó nínú wọn ni ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti ìhà yẹn?

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé ọmọ wo ni ó yan iṣẹ́ bàbá rẹ̀? Òótọ́ ni. Ọmọ Òṣómàáló bá bàbá rẹ̀ ru aṣọ kiri ìlú onílùú. Nígbà tí ìjọba Ghana lé àwọn àjèjì ní 1969, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kùmásí àti Tàmálé ni ó bá òbí wọn padà sí ilé tí wọn kò rí rí. Kò sí ẹni tí ó bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́ lọ tàbí wọ́n fẹ́ bọ̀. Kò sí òbí kan tí ó lè tọ́ ọmọ láìjẹ́ pé yíyàn tirẹ̀ kan ọmọ náà lára. Bí a bá ní kí òbí dúró títí ọmọ yóò fi lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kò ní lè gbé ẹsẹ̀ kan.

Mo gba èyí, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó tóbi. Ọmọ oníṣòwò lè sọ pé òun kò fẹ́ràn òwò. Ó lè ráhùn pé ebi ń pa òun, pé ẹrù wọ òun lọ́rùn, pé ilé ń wu òun. Bàbá lè bínú sí i, ó tilẹ̀ lè nà án, ṣùgbọ́n bàbá ni ó bá jà, ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ. Ọmọ míṣọ́nárì tí ó bá ráhùn bákan náà, ta ni ó ń bá jà? Ọlọ́run ni. Bí ó bá ní ebi ń pa òun, ó dà bí ẹni pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Bí ó bá ní òun fẹ́ padà sílé, ó dà bí ẹni tí ó fi ọwọ́ lé ohun èlò ìtúlẹ̀ tí ó ń wo ẹ̀yìn. Ìyà nìkan kọ́ ni ó wúwo jù. Ẹnu tí a fi orúkọ mímọ́ dí ni. Ìyà tí a lè sọ síta, ó ti fúyẹ́ díẹ̀. Èyí tí ọmọ gbà gbọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti sọ, inú rẹ̀ ni yóò máa rà sí.

Kì í ṣe ẹ̀sìn Kristi nìkan ni ó kó sí ìṣòro yìí. Ọdọọdún ni Ilé-Ifẹ̀ ń ṣe ọdún Ẹdì ní ìrántí Mọrèmi. Mọrèmi lọ sí odò Ẹsìnmìrìn, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá lè gba ìlú òun lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá tí ń kó wọn lẹ́rú, òun yóò fi ohun tí odò bá bèèrè fún un. Ó ṣẹ́gun. Odò sì bèèrè Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. A ń yin Mọrèmi títí di òní, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń bi Olúorogbo léèrè? Ìyá ni ó jẹ́ ẹ̀jẹ́, ọmọ ni ó san án. Àṣà wa fúnra rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò tọ́ láti gbàgbé, nítorí ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ó ní gbogbo Ifẹ̀ sọ fún Mọrèmi pé àwọn yóò máa jẹ́ ọmọ fún un títí láé. Àwọn tí ó jẹ àǹfààní ẹbọ náà gbà pé gbèsè wà lọ́rùn àwọn.

Bíbélì pàápàá kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Bí Ábúráhámù àti Ísáákì ti ń gun òkè lọ, ọmọ náà béèrè ibi tí àgùntàn ẹbọ wà. Ẹni tí ó kọ ìtàn náà ì bá ti yọ ìbéèrè yẹn kúrò. Ìgbàgbọ́ bàbá ì bá sì dán ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò yọ ọ́. Ó fi ohùn ọmọ sílẹ̀ láàrin ìtàn, ó sì jẹ́ kí ọ̀bẹ dúró. Mo rò pé ẹni tí ó bá ka ibẹ̀ tí ó rí ìgbọràn bàbá nìkan, ìdajì ni ó kà.

Nínú gbogbo àwọn ajíhìnrere tí mo mọ ìtàn wọn, ọmọ Yorùbá kan ni mo rí tí ó fi bí nǹkan ṣe yẹ kí ó rí hàn wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kàn. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Samuel Àjàyí Crowther, tí ó ti di àlùfáà, tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní Abẹ́òkúta. Òrìṣà ni ìyá ń bọ. Ọmọ ni ó ní ìwé, òun ni ó ní ẹgbẹ́ C.M.S. lẹ́yìn, òun ni ìyá sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, kò fi omi wọ́n ìyá rẹ̀ lórí lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé. Ìyá ń gbé nínú ilé onígbàgbọ́, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe, ó ń gbọ́, ó ń rò ó. Ní 1848 ni ó ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Ìpè ọmọ kò di ìpè ìyá títí ìyá fi fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Àwa ni a máa ń sọ pé àkúnlẹ̀yàn ni ènìyàn ń yàn ní òde ọ̀run. Orí tirẹ̀ ni olúkúlùkù sì yàn, kò sí ẹni tí ó bá ẹlòmíràn yan orí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan, nítorí ọ̀nà tí òyìnbó gbà wá ni àwa náà ń gbà lọ báyìí. Láti 1965 ni àwọn ọmọ Kérúbù àti Séráfù ti ní ìjọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọ Ìràpadà tí Josiah Akíndayọ̀mi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1952 ti tan ká Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ìdílé ajíhìnrere ní òkè òkun lè jẹ́ ìdílé ọmọ Ìlọrin tàbí Òṣogbo nísinsìnyí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ bí ó ṣe máa ń rí. Bàbá ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kí ó lè rí owó gbọ̀ngàn tí ìjọ ń yá san. Ìyá ń se ìrẹsì fún àwọn tí yóò wá sí ìsìn, ó sì ń gba ẹkún àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn kò tí ì jáde. Àwọn ọmọ ni ó ń to àga kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, àwọn náà ni ó ń kó o padà. Wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn nítorí pé ọmọ pásítọ̀ ni wọ́n. Ní ọjọ́ Ajé wọ́n á padà sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ nípa gbogbo èyí. Ohun rere pọ̀ nínú irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀: ọmọ náà ń kọ́ bí a ti ń gba àlejò, bí a ti ń bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀, bí a ti ń pín díẹ̀ tí ó wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó ní ó ti rẹ òun, ohùn tí àwọn òbí bá fi dá a lóhùn ni yóò fi hàn bóyá ọmọ ni ó jẹ́ nínú ilé náà tàbí ìwọ̀fà.

Níbi tí mo wá fi orí ọ̀rọ̀ tì sí nìyí. Ohun tí ó jẹ́ tèmi ni mo lè fi rúbọ. Ohun tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn, mo lè tọrọ rẹ̀ nìkan ni, mo sì gbọ́dọ̀ ṣe tán láti gbọ́ pé rárá. Ọkọ tí ó ní Ọlọ́run pe òun gbọ́dọ̀ dúró kí ìyàwó gbọ́ ìpè tirẹ̀, kí ó má ṣe ka ìdákẹ́jẹ́ sí ìfọwọ́sí. Òbí tí kò lè dúró títí ọmọ yóò fi gbọ́n lè fún un ní ohun kan, ó kéré tán: ẹnu. Kí àyè wà nínú àdúrà ìdílé fún ọmọ tí yóò sọ pé òun kò fẹ́, kí ọ̀run má sì wó lulẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọlọ́run tí ó fàyè gba ìbéèrè Ísáákì kò ní bínú sí ti ọmọ wa.

Ìpín kẹta kan ìjọ tí ń rán ni níṣẹ́, ó sì kan àwa tí a jẹ nínú iṣẹ́ àwọn tí a rán. Ìjọ tí ó bá ya tọkọtaya sọ́tọ̀, tí ó gbé wọn sọ́kọ̀, tí kò sì bèèrè mọ́ bí ọmọ wọn ṣe ń ṣe, kò tó àwọn ará Ifẹ̀. Àwa náà tí a fi ìwé tí wọ́n kọ, èdè tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ di ènìyàn, yálà onígbàgbọ́ ni wá tàbí a kì í ṣe bẹ́ẹ̀, gbèsè wà lọ́rùn wa. A kò lè san án fún ọmọ tí a sin sí Ìjàyè. Ṣùgbọ́n a lè dẹ́kun kíkọ ìtàn bí ẹni pé bàbá rẹ̀ nìkan ni ó wá.